Ojú-Ìwé Tó Mọ Ìwọ̀n Àtẹ́lẹwọ́

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí láti ibi tí ojú ti tì mí. Ní ọdún 2013, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní apá Lálúpọn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, ní kí n bá àwọn ṣe ojú-ìwé kan sórí ayélujára, níbi tí àwọn obìnrin tí ń yan gàrí yóò ti máa forúkọ sílẹ̀ láti yá owó. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn, ọmọ abúlé wọn sì ni mí. Ta ni wọn ì bá tún gbé e fún? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe é. Mo fi àwòrán obìnrin kan tí ń rẹ́rìn-ín nídìí agbada gàrí sí òkè pátápátá. Mo to àwọn àpótí tí wọn yóò kọ orúkọ sí sápá òsì, mo sì fi bọ́tìnnì ìforúkọsílẹ̀, aláwọ̀ ewé, tó ń dán bí ojú ìyàwó tuntun, sápá ọ̀tún. Nígbà tí mo wò ó lórí kọ̀ǹpútà mi ní yàrá, inú mi dùn débi pé mo pe aládùúgbò mi wá wò ó.

Ọjọ́ Ẹtì ni ìforúkọsílẹ̀ máa parí, ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó di nǹkan bí agogo mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màámi àgbà, pè mí láti abúlé.

"Ọmọ mi, a ti kọ orúkọ. Ibo ni wọ́n ní ká tẹ̀ báyìí?"

"Ẹ tẹ bọ́tìnnì tó wà lápá ọ̀tún, mà."

"Apá ọ̀tún wo? Apá ọ̀tún ti tán síbí."

Mo ní kí wọ́n fi ìka ti ojú-ìwé náà sápá òsì, kí ọ̀tún lè yọ. Wọ́n tì í, wọ́n ṣèèṣì tẹ nǹkan mìíràn, gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ sì pòórá. Wọ́n tún un kọ. Ó tún pòórá. Obìnrin 38 ló jókòó yí fóònù mẹ́rin ká lábẹ́ igi máńgòrò lọ́jọ́ náà. Nígbà tí agogo márùn-ún fi máa lù, 9 péré ló wọlé. Àwọn 29 yòókù dúró di ọdún kejì. Ẹnì kan wà nínú wọn tó ti san àsansílẹ̀ fún ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́ nítorí owó yẹn. Ẹlẹ́rọ kò dá àsansílẹ̀ padà fún un.

Kò sẹ́ni tó bú mi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Wọ́n ní bóyá fóònù àwọn ni kò dára. Fóònù wọn kò ní ẹ̀bi kankan! Ojú kọ̀ǹpútà àti ojú fóònù, ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ wẹ́wẹ́ ló para pọ̀ di í. Píksẹ́lì ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Píksẹ́lì 960 ni mo fi ṣe ìbú ojú-ìwé náà, nítorí pé ìwọ̀n tó wà lóde nígbà náà nìyẹn. Fóònù Màámi àgbà kò ju 240 lọ ní ìbú. Ẹni tó bá fẹ́ rí gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ mi, àfi kó máa tì í bí ẹni ti àpótí aṣọ títí kó tó kan bọ́tìnnì.

Báwo ni irú nǹkan báyìí ṣe ń ṣẹlẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wẹ́ẹ̀bù ṣe bẹ̀rẹ̀? Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Tim Berners-Lee, ló dá a sílẹ̀ ní ilé ìwádìí CERN ní Switzerland. Ní 1989 ló kọ àbá rẹ̀. Nígbà tó di 1991, ojú-ìwé àkọ́kọ́ ti wà níta. Ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú rẹ̀, kò sí àwòrán, kò sí ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ojú-ìwé yẹn kò ní ìbú tirẹ̀. Bí fèrèsé kọ̀ǹpútà bá fẹ̀, ọ̀rọ̀ á tẹ́ lọ; bó bá há, ọ̀rọ̀ á ṣẹ́ sí ìlà kejì. Bí ìró ló rí. Ìró kan náà ni ìyá tó sanra á ró, tí ọmọ rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ náà á sì ró, láìjẹ́ pé telọ wọn ẹnikẹ́ni. Ṣòkòtò ni kì í rí bẹ́ẹ̀. Àwa tí à ń ṣe ojú-ìwé la fi ọwọ́ ara wa rán ìró di ṣòkòtò.

Ní 1993 ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní Mosaic jáde, tó jẹ́ kí àwòrán àti ọ̀rọ̀ jọ wà lójú kan náà. Kò pẹ́ tí oníṣòwò àti oníwèé ìròyìn fi ya wọ inú wẹ́ẹ̀bù, wọ́n sì mú àwọn tó ti kọ́ iṣẹ́ lórí bébà lọ́wọ́ wá. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ìwé títẹ̀ rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí Henry Townsend gbé Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859, ilé ìtẹ̀wé ló mọ bí ìwé náà ṣe máa fẹ̀ tó. Ìjòyè ló rà á ni o, akẹ́kọ̀ọ́ ló rà á ni o, ìwọ̀n kan náà ni. Àwọn oníṣẹ́ bébà wá gbé ọkàn bébà sórí gíláàsì. Wọ́n á bèèrè pé, kọ̀ǹpútà àwọn ènìyàn fẹ̀ tó mélòó? Wọ́n ní 640. Wọ́n ṣe ojú-ìwé 640. Ó di 800, ó di 1024, wọ́n ń ṣe é tẹ̀lé e. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ìwọ̀n báyìí ni ojú-ìwé àwọn dára láti wò, bí ẹni pé oníbàárà ló máa lọ ra kọ̀ǹpútà mìíràn nítorí ìsọ̀ wọn!

Ní gbogbo ìgbà yẹn, kí ló wà lọ́wọ́ tiwa? Ní abúlé wa, ẹni tó bá fẹ́ fi fóònù sọ̀rọ̀, Ìbàdàn ló ń wọ ọkọ̀ lọ. Oṣù kẹjọ 2001 ni Econet àti MTN ṣí GSM fún ará ìlú. Fóònù tó kọ́kọ́ wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ni Nokia 3310, èyí tí wọ́n ṣe jáde ní 2000. Ìbú ojú rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 84, òró rẹ̀ jẹ́ 48. Kò ju àtàǹpàkò méjì tó sùn ti ara wọn lọ. Àkìtàn tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́ nìkan ni netiwọ́ọ̀kì ti ń dúró, nítorí náà orí àkìtàn ni àwọn àgbààgbà ti ń bá ọmọ wọn ní Èkó sọ̀rọ̀, pẹ̀lú agbádá lọ́rùn.

Ojú kékeré yẹn ni ìjọba kọ́kọ́ gbà bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ tààrà. Ní 2012, nígbà tí Akínwùmí Adéṣínà jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn àgbẹ̀ tó ti forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n lè fi í gba ajílẹ̀ àti irúgbìn ní ẹ̀dínwó lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Mínísítà náà sọ ọ́ ní gbangba pé ṣáájú ìgbà yẹn, díẹ̀ nínú ajílẹ̀ ìjọba ló ń dé ọwọ́ àgbẹ̀. Àwọn alágbàtà ló ń gbé ìyókù mì. Nítorí náà, ẹ má fojú kékeré wo gíláàsì tó tó àtàǹpàkò méjì.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ̀kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Wọ́n ní lẹ́tà 160 ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gbà. Lóòótọ́ ni, fún ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé. Àwọn tó ṣètò lẹ́tà GSM ní Yúróòpù fi à, è, é, ì, ò àti ù sínú rẹ̀, nítorí àwọn èdè tiwọn. Wọn kò fi á sí i. Í kò sí níbẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀. Bí ẹyọ kan péré nínú àwọn tí kò sí wọ̀nyí bá wọ inú iṣẹ́ tí ẹ ń rán, gbogbo iṣẹ́ náà á yí sí ìlànà mìíràn, 160 á sì já sí 70. Ó kù: ẹ́, tó ní àmì lókè tó tún ní àmì nísàlẹ̀, àyè méjì ló ń jẹ nínú 70 yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ Yorùbá bó ṣe yẹ kó san owó àtẹ̀jíṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lórí ohun tí ẹlòmíràn ń fi ẹyọ kan sọ. Kí ni àwọn ènìyàn wá ṣe? Wọ́n bọ́ àmì kúrò lára èdè. Akọ̀wé ẹgbẹ́ kan fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pé "e gbe oko wa lola." Ọkọ́ ni, ọkọ̀ ni, àbí ọkọ? Ìyàwó ilé kan dáhùn pé tòun ti rìnrìn-àjò.

Ó dáa. Wẹ́ẹ̀bù wá dé orí fóònù. Èyí tí àwa ọ̀dọ́ ìgbà náà fẹ́ràn jù ni Opera Mini, tí ilé-iṣẹ́ Opera ti Norway gbé jáde fún gbogbo ayé ní 2006. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kì í ṣe fóònù ló ń lọ mú ojú-ìwé wá. Kọ̀ǹpútà ńlá wọn lókè òkun ló ń lọ mú un, á fún omi rẹ̀ dànù bí a ṣe ń fún omi ẹ̀gẹ́ tí a lọ̀, á wá fi èyí tó ṣẹ́kù ránṣẹ́ sí fóònù. Owó díẹ̀ ni èèyàn máa fi wo ohun púpọ̀.

Ọdún tó tẹ̀lé e, 2007, ni Apple gbé iPhone jáde. Ìbú rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 320, ṣùgbọ́n gbogbo ojú-ìwé ayé ni wọ́n ti rán ní ìwọ̀n kọ̀ǹpútà, nítorí náà àwọn tó ṣe é kọ́ ọ láti purọ́. Á sọ fún ojú-ìwé pé 980 ni ìbú òun, á gba gbogbo rẹ̀, á wá sún un kì títí á fi wọ inú 320. Ohun gbogbo á wà níbẹ̀, ojú kò sì ní lè kà á. Wọ́n fi ìlà kan sílẹ̀ tí ẹni tó ń ṣe ojú-ìwé lè kọ sórí iṣẹ́ rẹ̀, pé kí fóònù sọ òtítọ́ ìbú ara rẹ̀. Ìlà kan péré! Àwọn fóònù mìíràn sì kọ́ irọ́ náà. Nínú fóònù mẹ́rin tó wà lábẹ́ igi máńgòrò lọ́jọ́ tí mo wí, méjì ń sún ojú-ìwé kì, tí ọ̀rọ̀ fi kéré bí ẹyin iná orí. Méjì, ti Màámi àgbà nínú wọn, kò tilẹ̀ gbọ́n tó láti purọ́, ńṣe ni wọ́n gé e síbi tí gíláàsì wọn parí sí. Mi ò kọ ìlà yẹn sórí iṣẹ́ mi. Ká ní mo tilẹ̀ kọ ọ́, ojú-ìwé 960 á ṣì jẹ́ 960.

Ìwòsàn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ nígbà náà. Ní oṣù karùn-ún 2010, ará Amẹ́ríkà kan, Ethan Marcotte, kọ àròkọ kan sínú ìwé àtìgbàdégbà orí wẹ́ẹ̀bù tó ń jẹ́ A List Apart. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yàwòrán ilé ni òun ti rí èrò náà, àwọn tí ń ronú ilé tí ògiri rẹ̀ lè yí padà bí èrò inú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó. Ó ní ká yé fi píksẹ́lì wọn nǹkan, ìdá ni ká máa fi wọ̀n ọ́n. Èyí kò ṣàjèjì sí àgbẹ̀. Bí bàbá bá kú tó fi oko sílẹ̀ fún ọmọ mẹ́ta, wọn kì í ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà. Ìdá mẹ́ta ni, oko ì báà tóbi, ì báà kéré. Ó ní kí àwòrán má ṣe tóbi ju yàrá tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ó tún ní kí ojú-ìwé kọ́kọ́ bèèrè ìbú gíláàsì kó tó to ẹrù rẹ̀: bó bá fẹ̀, kí nǹkan mẹ́ta dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bó bá há, kí wọ́n tò lé ara wọn lórí, kí òǹkàwé máa fi àtàǹpàkò fà á lọ sókè. Ìyá tó ń gba àlejò kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: á bi yín pé ẹ̀yin mélòó ni, kó tó tẹ́ ẹní. Ṣáájú rẹ̀, ní 2009, Luke Wroblewski ti ń wí pé orí fóònù ni kí á ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pàápàá, nítorí pé ibi tó há ni èèyàn ti ń mọ ẹrù tó ṣe pàtàkì.

Ohun tó kù kò gba àlàyé púpọ̀. Àjọ W3C fọwọ́ sí ìlànà bíbèèrè ìbú ní 2012. Ní 2013 Facebook gbé React jáde fún gbogbo ènìyàn, ọ̀pọ̀ ojú-ìwé àti áàpù ni wọ́n sì ti fi í ṣe láti ìgbà náà. Ní oṣù kẹrin 2015, Google bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ojú-ìwé tó bá fóònù mu síwájú fún àwọn tó ń fi fóònù wá nǹkan, ọjọ́ yẹn ni àwọn oníṣòwò tó ti ń yínmú sáré jí.

Ẹ ó bi mí pé, ìwọ ọ̀gbẹ́ni yìí, ṣé o kò ka ti Marcotte ni? Mo kà á. Ní 2011 ni mo kà á, ní káfè kan ní Agbowó, ó sì wù mí. Àmọ́ fóònù tí mo rí nínú ọkàn mi nígbà tí mò ń kà á jẹ́ ti ará Amẹ́ríkà tó jókòó nínú ọkọ̀ ojú-irin. N kò rí Màámi àgbà níbẹ̀. Òótọ́ mìíràn tún wà tí n kò fẹ́ràn láti sọ: orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀gá ẹgbẹ́ ti máa wo iṣẹ́ náà kó tó sanwó, orí kọ̀ǹpútà ni mo sì ṣe é fún. Ẹni tó máa sanwó ni mo wọ̀n, n kò wọn ẹni tó máa lò ó.

Ní 2014, kí ìforúkọsílẹ̀ tún tó dé, mo di ẹrù, mo lọ jókòó ní abúlé fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo pa ojú-ìwé ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ọjọ́ kìíní, oòrùn ni olùkọ́ mi. Àwọ̀ eérú ni mo fi kọ̀wé sórí funfun, nítorí pé ó jọ ti àwọn ọ̀làjú. Lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, ojú fóònù dà bí àwo funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Láti 2008 ni ìlànà ayé ti sọ pé ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín lẹ́tà àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 4.5 sí 1. Mo mọ̀ ọ́n lórí, n kò tíì rí ohun tó ń sọ rí. Dúdú ni mo fi kọ ọ́ lẹ́yìn náà. Ọjọ́ kejì, mo wo ọwọ́ wọn. Ẹni tó ti ń bó ẹ̀gẹ́ láti àárọ̀, ìka rẹ̀ ti wú, omi ẹ̀gẹ́ sì wà lára rẹ̀. Ó fẹ́ tẹ ọ̀kan, ó tẹ méjì. Google ní kí ohun tí ìka máa tẹ̀ má ṣe kéré ju nǹkan bíi mílímítà 9 lọ. Mo jẹ́ kí tèmi tó 12, mo sì fi àyè sí àárín wọn.

Èdè ló wá fún mi ní ìyà jù. Gẹ̀ẹ́sì ni ti àkọ́kọ́. Mo ní kí èyí jẹ́ Yorùbá. Bọ́tìnnì tí mo gé ní ìwọ̀n "Save" kò gba "Ẹ fi í pamọ́." Mo ti fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní gíga kan pàtó, bí mo ṣe ń ṣe é fún Gẹ̀ẹ́sì; nígbà tí Yorùbá dé, àmì òkè ń gbá ìdí ìlà tó wà lórí rẹ̀, etí bọ́tìnnì sì gé àmì abẹ́ ọ dànù, "ọkọ̀" wá di ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Lórí fóònù kan, àpótí òfìfo ló ń yọ dípò lẹ́tà.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ àpótí òfìfo yẹn. Unicode ni ìlànà tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé fi ń mọ lẹ́tà, láti 1991. Ẹ àti ọ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àárín lẹ́tà àwọn ará Vietnam ni wọ́n wà, nítorí pé àwọn náà ń fi àmì sábẹ́ e àti o. Vietnam kò lo ẹ́, nítorí náà ẹ́ kò sí ní ẹyọ kan. Ẹ la máa kọ, ká tún gbé àmì ohùn gùn ún lórí. Fọ́ńtì tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń gun ẹṣin á jẹ́ kí àmì náà ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fi àpótí òfìfo dí i. Tófù ni àwọn oníṣẹ́ lókè òkun ń pe àpótí yẹn, bíi wàrà ẹ̀wà sóyà tí wọ́n gé ní onígun mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí Google fi pe fọ́ńtì tirẹ̀ ní Noto, pé kí tófù má sí mọ́. Mo yọ gíga tí mo so mọ́ ìlà kúrò, mo jẹ́ kí bọ́tìnnì máa fẹ̀ bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá ṣe gùn tó, mo sì wá fọ́ńtì tó mọ èdè wa.

Ọjọ́ kẹta ni mo fi han Màámi àgbà. Wọ́n wò ó títí.

"Àwòrán ta nìyí?"

"Obìnrin tó ń yan gàrí ni, mà."

"Ta ló fẹ́ wo gàrí? Mò ń yan án lójoojúmọ́. Gbé e kúrò. Iye tí wọ́n ń ra kóńgò kan ní Bódìjà lónìí ni kí o kọ síbẹ̀."

Wọn kò gbọ́ orúkọ Wroblewski rí. Mo gbé àwòrán kúrò, mo gbé iye owó gàrí sókè pátápátá, bọ́tìnnì wá sí ìsàlẹ̀ àpótí tó kẹ́yìn, ibi tí àtàǹpàkò ti ń dúró. Lọ́dún náà, nínú obìnrin 38, 33 ló forúkọ sílẹ̀ fúnra wọn.

Mo rò pé mo ti mọ iṣẹ́ náà tán, àfi ìgbà tí wọ́n pè mí sí apá Akànrán, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà. Ojú-ìwé bá fóònù mu dáadáa. Ìbéèrè inú rẹ̀ ni kò bá ènìyàn mu. Bàbá arúgbó kan gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó sún un jìnnà sójú, ó kà á: orúkọ, abúlé, ìwọ̀n oko, iye tí ẹ ń pa lọ́dún. Ó dá fóònù padà.

"Ọ̀gbẹ́ni, ta ló fẹ́ mọ ìwọ̀n oko mi?"

"Ẹgbẹ́ yín náà ni, bàbá."

"Ẹgbẹ́ wo? Owó-orí nìyẹn."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Akànrán ni ìlú Tafa Adéoyè, ọ̀kan pàtàkì nínú olórí Àgbẹ́kọ̀yà. Láàárín 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ ìgbèríko Ìbàdàn dìde nítorí owó-orí tó wúwo jù wọ́n lọ àti ìwà àwọn tó ń gbà á. Ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, kí ìjọba tó gbà láti dín in kù. Ẹni tó gbọ́ ìró ìbọn yẹn ní èwe rẹ̀ kò ní kọ ìwọ̀n oko rẹ̀ sínú àpótí funfun kan tí kò sọ ẹni tó ni ín. Mo gbé ìbéèrè méjèèjì yẹn lọ sí ìparí, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò di dandan, mo sì kọ ìlà kan tó sọ ohun tí a fẹ́ fi ìdáhùn ṣe àti ẹni tó máa rí i. Bàbá náà kọ orúkọ rẹ̀. Ìwọ̀n oko, kò kọ ọ́ títí dòní. Ní Èrúnmu, ní Ẹgbẹ́dá, ọmọ ọlọ́kadà kan ló kọ́ mi ní tirẹ̀: ó ti pa àwòrán mọ́ nínú fóònù rẹ̀ kí dátà má bàa tán, bọ́tìnnì tí mo sì fi àwòrán ṣe kò yọ sí i rárá. Ọ̀rọ̀ ni mo fi ń ṣe bọ́tìnnì láti ọjọ́ yẹn.

Kì í ṣe èmi nìkan ló kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí ní agbègbè wa. Bí èèyàn bá gba ọ̀nà Ọ̀yọ́, tó kọjá Òjóò, á rí ọgbà IITA ní Akínyẹlé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 lórí ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 1,000. Láti 2015 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan lórí ẹ̀gẹ́ ní Nàìjíríà àti Tanzania, èyí tó bí áàpù kan tí wọ́n pè ní AKILIMO. Kilimo ni iṣẹ́ àgbẹ̀ ní èdè Swahili. Àgbẹ̀ á sọ ibi tí oko rẹ̀ wà, iye tí wọ́n ń ta ajílẹ̀ àti iye tó rò pé òun máa ta ẹ̀gẹ́. Áàpù á sọ ajílẹ̀ tó yẹ kó lò àti bóyá èrè wà níbẹ̀. Èyí tó wù mí ni pé wọn kò dúró lórí áàpù. Wọ́n tẹ ìmọ̀ kan náà sórí bébà fún ẹni tí kò ní fóònù ńlá, wọ́n sì sọ ọ́ di ohùn tí èèyàn lè fi fóònù kékeré pè kó gbọ́. Ọ̀nà mìíràn ni Nuru, tí àwọn ará PlantVillage ti Penn State University ní Amẹ́ríkà ṣe pẹ̀lú IITA. Ẹ gbé kámẹ́rà fóònù síwájú ewé ẹ̀gẹ́ tó ká, tó ní àbàwọ́n, fóònù fúnra rẹ̀ á sọ bóyá àrùn mósáíkì ló ń ṣe é, láìwá ayélujára lọ síbì kankan. Ẹni tó bá ti rìn wọ inú oko lẹ́yìn Ìròkò, níbi tí netiwọ́ọ̀kì ti ń dá èèyàn dá ọ̀nà, á mọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì.

Ohùn yẹn ni mo ń bá kiri báyìí. Nínú àwọn obìnrin 38 tí mo wí, 5 tí kò forúkọ sílẹ̀ fúnra wọn ní 2014, kì í ṣe gíláàsì ló dí wọn lọ́wọ́. Wọn kò mọ̀wé kà ni. Títí dòní, bí iye owó gàrí bá yí padà, Màámi àgbà á dúró lẹ́nu ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́, wọ́n á na fóònù jáde, wọ́n á sì kà á sókè fún àwọn yòókù. Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn bi mí pé kí ló dé tí ojú-ìwé náà kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, nígbà tí Màámi àgbà bá lọ òde ìnáwó. Mo ní ó lè ṣeé ṣe. Mo ní a lè gba ohùn Màámi àgbà sílẹ̀, láti orí ení dé orí ẹgbẹ̀rún, kí fóònù máa tò wọ́n pọ̀. Inú gbogbo wọn dùn. Màámi àgbà dákẹ́, wọ́n gbọn ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ kúrò lára ìró, wọ́n ní tí ohùn òun bá máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo abúlé, á gba owó iṣẹ́. Wọ́n dá iye kan. Mo ní ó pọ̀. Wọ́n ní kí n lọ gba ohùn ẹlòmíràn. Bí mo ṣe ń kọ èyí, a ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.